Ohùn Baba Sala nínú kásẹ́ẹ̀tì tó ti bàjẹ́

Kásẹ́ẹ̀tì Ọ̀run Móoru tó wà nílé wa ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun nígbà tí mo wà ní kékeré, kọ́pì ni, ó sì jọ pé ara kọ́pì mìíràn ni wọ́n ti ṣe é. Ìlà funfun ń sáré kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n, àwọ̀ ti ṣí, ojú Baba Sala gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Síbẹ̀ a máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Ó pẹ́ kí n tó bi ara mi pé kí là ń wò gan-an.

Ohùn ni. Táì gbàǹgbà, aago ńlá, gíláàsì ojú tí kò ní dígí, ìyẹn ni gbogbo èèyàn máa ń sọ nípa Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n olórin ni ọkùnrin yìí kó tó di aláwàdà. Ọmọ Iléṣà ni, 1936 ni wọ́n bí i, ó ṣe wolé-wolé rí. Kí ọdún 1970 tó dé, ó ti ní ẹgbẹ́ olórin háíláìfù, Federal Rhythm Dandies. Ibẹ̀ ni Sunny Adé ti ta gìtá lẹ́yìn tó kúrò nílé ìwé, kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ èyí, ẹ tún tẹ́tí sí i. Kó tó sọ ọ̀rọ̀ tó máa pani lẹ́rìn-ín, ó máa ń dúró díẹ̀, bí onílù ṣe ń dá ọwọ́ dúró kó tó tún lù ú. Á fa ọ̀rọ̀ kan gùn, á wá já a lójijì. (Mo ti gbìyànjú láti kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé. Kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.) Ìdí nìyẹn tí àwàdà tá a ti gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá ò fi sú wa. Ta ló máa ń ní kí wọ́n pa orin torí pé òun ti gbọ́ ọ rí?

Ọlá Balógun ló darí fíìmù náà ní 1982: ọkùnrin kan tí ojúkòkòrò sọ di ẹdun arinlẹ̀ fẹ́ pa ara rẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ Ikú, wọ́n ní àsìkò rẹ̀ ò tíì tó. Lójú tèmi, ibi tí idán ti pọ̀ ń falẹ̀. Ohùn yẹn ló ń gbé e.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà yẹn, àwọn onísinimá Yorùbá máa ń gbé fíìmù wọn kiri láti ìlú dé ìlú, owó ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi ń san gbèsè tí wọ́n jẹ láti ṣe é. Kọ́pì Ọ̀run Móoru bọ́ sọ́jà, owó ẹnu ọ̀nà gbẹ, gbèsè kù sí Baba Sala lọ́rùn. Ó ṣì ṣe Ààrẹ Àgbáyé ní 1983, àmọ́ àdánù yẹn ò kúrò lára rẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé kọ́pì ló jẹ́ kó lókìkí. Irọ́ ni. Tẹlifíṣọ̀n àti orí ìtàgé ti sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ṣáájú. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, mo mọ bí kọ́pì ṣe ń tan èèyàn. Bí wọ́n bá jí ewúrẹ́ gbé, ìso á ṣófo, gbogbo ilé á mọ̀. Bí wọ́n bá kọ́pì fíìmù, fíìmù ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó kọ́pì ẹ̀ á sì sùn wọra. Bàbá mi náà sùn wọra. Àwa náà sì ń rẹ́rìn-ín.

Baba Sala kú ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀wàwà, 2018. Nígbà tí mo délé lọ́dún Kérésì tó kọjá, mo rí fíìmù náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó tún burú ju ti kásẹ́ẹ̀tì wa lọ. Mi ò san kọ́bọ̀. Mo gbé fóònù ti abọ́ iyán. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ wò ó, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọbẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára ẹran, ó kàn ń rẹ́rìn-ín ṣáá.