A Gun Òkè Ìdànrè Láì Ru Ẹ̀bẹ̀ Lọ

Bí onígbàgbọ́ Yorùbá bá sọ pé òun ń lọ sí orí òkè, ẹnikẹ́ni kì í bi í pé kí ló fẹ́ lọ wò. A ti mọ̀ pé àdúrà ni, pé ẹrù kan wà lọ́kàn rẹ̀: ọmọ tó ń retí, iṣẹ́ tí kò bọ́ sí i, àìsàn tí kò gbóògùn, físà tí wọn kò fún un. Kì í ṣe òní ni àṣà náà bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà, gbọ́ ìpè Ọlọ́run lẹ́nu iṣẹ́ lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ní 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Òkè Òòyè ní Iléṣà, èrò sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Títí di òní, kò sí ibi tí ènìyàn yóò yà sí ní ilẹ̀ wa tí kò ní rí òkè àdúrà. Mo bọ̀wọ̀ fún àṣà yìí tọkàntọkàn, nítorí òun ni wọ́n fi tọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa dàgbà.

Àmọ́ òkè tó kọ́ mi ní ìgbàgbọ́ jù lọ nígbà tí mo wà ní yunifásítì, a kò gbé ìṣòro kankan gùn ún. Òkè Ìdànrè ni. Àwa ọmọ fẹ́lóṣíìpù kan ní FUTA, ní Àkúrẹ́, la jọ lọ, pẹ̀lú bọ́ọ̀sì tí a dá owó háyà, páálí búrẹ́dì, àti àpò omi píọ́ wọ́tà tí àwọn ọkùnrin ń gbé fún ara wọn.

Ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ìdànrè kò jìn. Oko kòkó ló fi ọ̀tún àti òsì pa mọ́, a sì ń gbóòórùn kòkó tí wọ́n sá sẹ́bàá ọ̀nà kí a tó rí i, nítorí ilé kòkó ni Ìdànrè. Bí a ti ń sún mọ́ ìlú ni àpáta bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lókè igi. Wọn kò yọ ní ẹyọ kan. Wọ́n tò yí ìlú ká, wọ́n ga, wọ́n pá lórí, àwọ̀ wọn kò dúdú kò funfun, ipa omi òjò sì fa ìlà gígùn sí wọn lára láti òkè dé ilẹ̀. Ariwo inú bọ́ọ̀sì dákẹ́. Ọ̀kan nínú wa tó ń kọ́ ìmọ̀ nípa àpáta àti ilẹ̀ sọ pé inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni òkúta náà ti dì, láti nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, pé ohun tó bò ó mọ́lẹ̀ ló ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀ tí a fi ń rí i lónìí. Ó ní oòrùn àti òtútù ṣì ń bó o ní ìpele ìpele. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́run tó ti wà kí àwọn òkè tó wà láti ìgbà èwe mi, n kò sì tíì gbé ojú sókè wo ohun tí wọ́n fi ń wọn ọjọ́ ayé Rẹ̀.

Àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì tó gun òkè náà lé ní 600. Wọ́n ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà, ó ní ìjókòó, ó sì ní òrùlé. Ènìyàn kò lè dúró nísàlẹ̀ kí ó rí òpin àtẹ̀gùn náà. Bí a bá yà sí kọ̀rọ̀ kan, òmíràn tún wà níwájú. Àwọn tí ara wọn yá ti sáré ṣíwájú, àwọn kan sì ti ń mí gùlegùle lẹ́yìn. Ní ibi ìsinmi kejì, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọdún náà jókòó, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ, màá bá yín lókè.” Ààrẹ fẹ́lóṣíìpù wa dá a lóhùn pé, “Ìwọ lo máa ṣíwájú wa.” Bẹ́ẹ̀ ló rí. Wọ́n pe àwọn tó ti sáré lọ padà sọ̀ kalẹ̀, ọmọbìnrin náà bọ́ síwájú, bó bá dúró, gbogbo wa a dúró.

Mo ti gbọ́ ìwàásù nípa rírù ẹrù ọmọnìkejì ẹni tó pọ̀ ju èyí tí mo lè rántí lọ. Lórí àtẹ̀gùn yẹn, ó dé sí mi lẹ́sẹ̀. Àwa tí a lágbára ni ìdúró yẹn kọ́kọ́ ni lára, nítorí ó nira fún ẹni tó lè sáré láti rìn pẹ̀lú sùúrù. Àmọ́ nítorí pé a ń dúró la ṣe rí alángbá olórí pupa lórí òkúta, tí a rí òrùlé ìlú tó ń kéré sí i nísàlẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wa sì kọ́kọ́ mọ ohun tí òbí ara wa ń ṣe. A kò ní ráyè fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ká ní a sáré.

Lókè ni ìlú àtijọ́ wà. Ibẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé títí di ọdún 1928, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ sí ìsàlẹ̀. Ọdún tí Babalọlá gbọ́ ìpè yẹn náà ni. Ààfin Ọwá, ọba ìlú náà, ṣì wà, pẹ̀lú òpó rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára. Ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ náà sì wà, èyí tí ìtàn ìlú sọ pé àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ ní 1896.

Ilé ẹ̀kọ́ yìí ni mo dúró tì pẹ́ jù. Ní 1884 ni Bíbélì odindi jáde ní èdè Yorùbá, iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣe. Ọdún méjìlá péré lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọdé ti ń kọ́ ìwé lórí àpáta yìí, nígbà tí àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì kò tíì sí níbẹ̀. Ẹnì kan fi ẹsẹ̀ gbé síléètì àti ìwé gòkè wá. Kò dúró nísàlẹ̀ kí ó ní kí àwọn tó fẹ́ gbọ́ sọ̀ kalẹ̀ wá bá òun. Ó yẹ kí àwa tí à ń fi fóònù wàásù fún ènìyàn láti orí bẹ́ẹ̀dì wa ronú sí ìrìn yẹn.

Baba tó ń mú wa káàkiri kò fi ohunkóhun pa mọ́ fún wa. Ó fi ipa ẹsẹ̀ Agbóògùn, ẹni inú ìtàn ìlú náà, hàn wá lára àpáta, ó sọ nípa ọdún ìbílẹ̀ Òròsùn tí àwọn ará ìlú ń ṣe. Àwọn kan nínú wa fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ààrẹ ní kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ baba tán, kí a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí ilé onílé la wà. Mo rò pé ó ṣe dáadáa. Ìgbàgbọ́ tó fìdí múlẹ̀ kì í bẹ̀rù láti gbọ́ ìtàn aládùúgbò rẹ̀.

Òkè náà ní olùgbé mìíràn: ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan wà tí a kò tíì rí níbòmíràn láyé àfi lórí àpáta Ìdànrè. Ọmọ rẹ̀ tí kò tíì yọ ẹsẹ̀ kì í wẹ̀ nínú odò. Ara òkúta tí omi ń ṣàn lé lórí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń gbé. Ó ju ogójì ọdún lọ tí àwọn onímọ̀ kò fi rí ọ̀pọ̀lọ́ yìí, kí wọ́n tó tún rí i ní 2013. Nígbà tí mo kà á, ìdùnnú gbà mí lọ́kàn. Ní gbogbo ọdún tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, omi ń ṣàn, ó ń bímọ, Ẹlẹ́dàá sì ń bọ́ ọ. Kí a tó mọ̀ pé ó yẹ kí a gbàdúrà nípa rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń lọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a gòkè náà, a jókòó sórí àpáta kan tó tẹ́jú láti gbàdúrà. Ààrẹ ní, “Lónìí, ẹ jọ̀ọ́, kò sí ‘fún mi.’ ‘O ṣé’ nìkan la máa sọ.” Ó dà bí ohun tó rọrùn, ṣùgbọ́n ẹnu wa kò mọ ọ̀nà yẹn. Arákùnrin kan bẹ̀rẹ̀ pé, “Olúwa, o ṣé, mo sì bẹ̀ Ọ́ pé…” ó sì dá ara rẹ̀ dúró. Ìdákẹ́jẹ́ wà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin tó ṣíwájú wa dúpẹ́ fún èémí. Ẹlòmíràn dúpẹ́ fún ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹ̀kọ láti rán an níwèé. Ẹnì kan dúpẹ́ fún atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí wa lára ní àkókò yẹn gan-an. Ọpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọpẹ́, kò sì sẹ́ni tó wo aago.

Ìhìn Rere Lúùkù sọ fún wa pé Jésù gun òkè lọ, ó sì fi gbogbo òru gbàdúrà kó tó yan àwọn àpọ́sítélì méjìlá. Lúùkù kò kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ nínú ohun tí Jésù sọ ní òru náà. Kí n tó dé Ìdànrè, mo máa ń rò pé ẹ̀bẹ̀ nìkan ló kún inú rẹ̀. N kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo rò pé ọmọ kan lè wà lọ́dọ̀ Bàbá rẹ̀ ní gbogbo òru nítorí pé ó wù ú láti wà níbẹ̀.

Ìdánwò ń bọ̀ nígbà tí a padà sí Àkúrẹ́, a sì béèrè ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè, láì tijú. Àmọ́ ààrẹ yí ìpàdé àdúrà ọjọ́ Ẹtì padà. Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ kò ní ẹ̀bẹ̀ nínú mọ́. Kí oníkálukú dárúkọ ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí láàárín ọ̀sẹ̀, kí ó sì dúpẹ́ fún un. Àwọn tó wọlé lẹ́yìn wa, tí ọ̀pọ̀ wọn kò tíì dé Ìdànrè rí, bá a níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣe é.