Ẹni Tí A Kò Tíì Dá Rí

Ní òru tí ó mọ́ sí ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 2019, inú ààwẹ̀ Ramadaani ni a wà. Ní Ilé-Ogbó, bí ó ti rí ní Ìwó àti ní gbogbo agbègbè wa, àsìkò sààrì kì í ṣe àsìkò oorun: iná ń jó lábẹ́ ìkòkò, àwọn ọmọdé ń fi oorun jẹun. Ṣùgbọ́n ní òru tí mo ń wí yìí, oúnjẹ nìkan kọ́ ni ó jí àwọn ènìyàn. Àwa kan kóra jọ sí iwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní ilé aládùúgbò mi kan tí ó ní jẹnẹrétọ̀. Ìjà tí wọ́n ń jà ní gbọ̀ngàn Madison Square Garden, ní ìlú New York, ni a ń wò. Anthony Joshua, ọmọ tí ìdílé rẹ̀ ti Ṣàgámù wá, ni ó ń bá Andy Ruiz jà. Ìjà 22 ni Joshua ti jà láti ìgbà tí ó ti sọ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn di iṣẹ́ ní 2013, ó sì borí nínú gbogbo rẹ̀. A kò tíì dá a rí.

Kí abala keje tó parí, Joshua ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin, adájọ́ sì ti dá ìjà dúró. Ilé pa lọ́lọ́. Télọ̀ kan láàrin wa ni ó kọ́kọ́ la ẹnu. Ó ní, "Ó parí. Wọ́n kàn ń fi ọmọ yìí tàn wá jẹ ni. Kò fìgbà kan jẹ́ akọni." Olùkọ́ àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì wò ó títí, ó ní, "Ìwọ yìí, àná ni o ní kò sí irú rẹ̀ láyé. Ṣé àná ni o purọ́ ni, àbí òní?"

Mo ti ń gbé ìbéèrè bàbá yìí kiri láti ọjọ́ náà wá. Bí ènìyàn bá jẹ́ akọni ní alẹ́, tí ó sì di ọ̀lẹ ní ìdájí nítorí ìjà kan ṣoṣo, a jẹ́ pé kì í ṣe ènìyàn náà ni a ń wọ̀n. Òǹkà ni a ń wọ̀n. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni bóyá òǹkà yẹn tó ohun tí à ń fi wọn akọni.

Àkọsílẹ̀ ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n máa ń ṣe fún abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò: iye ìjà tí ó borí, iye tí ó pàdánù, àti iye tí ó ta ọ̀mì. Èyí tí ó wà láàrin ni ojú gbogbo ayé ń wò. Bí ó bá jẹ́ òdo, owó yóò máa wọlé, àwọn oníròyìn yóò máa pariwo. Bí ó bá di ẹyọ kan, ńṣe ni ó dà bí ìgbà tí epo ta sí aṣọ àlà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè bí òdo náà ti ń dé ibẹ̀. Nínú líìgì bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ kan kì í yan ẹni tí yóò bá gbá. Àwọn aláṣẹ ti to ìdíje sílẹ̀, gbogbo wọn ni yóò sì pàdé gbogbo wọn. Ìjà ẹ̀ṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn agbátẹrù àti àwọn alámòójútó ni wọ́n máa ń jókòó, tí wọ́n ń dúnàá dúrà lórí ẹni tí yóò pàdé ẹni, ibi tí wọn yóò ti jà, ìgbà tí wọn yóò jà àti iye tí yóò wọ àpò olúkúlùkù. Nítorí náà, àkọsílẹ̀ akànṣẹ́ kì í ṣe ìtàn agbára rẹ̀ nìkan. Ìtàn ọgbọ́n ẹni tí ń bá a yan ọ̀tá ni pẹ̀lú.

Ẹni tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Rocky Marciano, ará Amẹ́ríkà tí ó gba ìgbànú àwọn tí ó wúwo jù lọ lọ́wọ́ Jersey Joe Walcott ní 1952, tí ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1956 pẹ̀lú ìjà 49 láìpàdánù ọ̀kan. Orúkọ Joe Louis wà lára àwọn tí ó lù, orúkọ náà sì ń dán gbinrin lójú ìwé. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 37 ni Louis nígbà tí wọ́n pàdé ní 1951. Ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Floyd Mayweather ni ó tẹ̀ lé e, tí ó jà 50 tí ó sì borí nínú gbogbo rẹ̀. Àádọ́ta náà pé ní 2017 nígbà tí ó lu Conor McGregor, ẹni tí kò tíì ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rí ṣáájú ọjọ́ náà. Ní 2002 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí Mayweather kọ́kọ́ pàdé José Luis Castillo, ọ̀pọ̀ òǹwòran gbà pé Castillo ni ó borí. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn adájọ́ rí i bí àwọn òǹwòran wọ̀nyẹn ti rí i, òdo náà ti bọ́ láti ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ Mayweather tí à ń wò lónìí kì bá tí yàtọ̀ sí ẹni tí ó jẹ́.

N kò sọ èyí láti tẹ́ńbẹ́lú wọn. Marciano kò sá fún ẹnikẹ́ni tí ó wà ní ìgbà tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó pàdé Ezzard Charles ní 1954. Archie Moore gbé e ṣubú ní 1955, ó dìde, ó sì lu Moore. Mayweather náà pe Castillo padà lọ́dún kan náà, ó borí rẹ̀ láìsí àríyànjiyàn tó bẹ́ẹ̀. Àbí ẹ kò rí i? Ìgbà tí a fẹ́ gbèjà àwọn ọkùnrin méjèèjì, òǹkà kọ́ ni a mú jáde. Ìṣubú Marciano àti dídìde rẹ̀ ni a mú jáde, àti ìpadàpàdé Mayweather pẹ̀lú ẹni tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a. Ohun tí ó sọ wọ́n di ńlá kò sí nínú òdo náà rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1963, ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn, èyí tí a ti sọ ní orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lẹ́yìn náà, Dick Tiger bá Gene Fullmer jà fún ìgbànú àgbáyé. Òun ni ìjà ìgbànú àgbáyé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú ní Áfíríkà. Nígbà tí abala keje parí, Fullmer kò lè jáde mọ́. Ọmọ Ìgbò láti Amaigbo ni Tiger. Richard Ihetu ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Gbogbo Nàìjíríà ni ó yọ̀ fún un lọ́jọ́ náà.

Ta ni ọkùnrin yìí lójú ìwé? Ìjà 60 ni ó borí, ó pàdánù 19, ó ta ọ̀mì mẹ́ta. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1955, ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ó pàdánù léraléra. Bí ó bá jẹ́ ayé òde òní ni, agbátẹrù wo ni yóò tún wo ojú rẹ̀? Ṣùgbọ́n ó dúró, ó kọ́ iṣẹ́. Ní 1958 ó gba ìgbànú àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1962 ó gba ti àgbáyé lọ́wọ́ Fullmer. Joey Giardello gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1963, ó sì gbà á padà ní 1965. Nígbà tí Emile Griffith tún gbà á ní 1966, Tiger gòkè lọ sí ìsọ̀rí àwọn tí ó wúwo jù ú lọ, ó sì gba ìgbànú tiwọn lọ́wọ́ José Torres nínú oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Lára 19 tí ó pàdánù, ọ̀pọ̀ ni ó jẹ́ sí àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà, ní ìlú ọlọ́ìlú, níwájú adájọ́ tí kì í ṣe ará ilé. Bí a bá pa 19 yẹn rẹ́ nínú ìtàn rẹ̀, a ti pa ọ̀nà tí ó gbà dé Ìbàdàn rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rí kan kún un láti ilẹ̀ Áfíríkà yìí náà. Ní òpin oṣù kẹwàá ọdún 1974, George Foreman lọ sí Kinshasa pẹ̀lú ìjà 40 láìpàdánù ọ̀kan. Ẹni tí ó dúró dè é ni Muhammad Ali, tí Joe Frazier ti dá ní 1971, tí Ken Norton sì ti dá ní 1973. Bí òǹkà bá ń jà, Foreman ni ìbá borí. Ní abala kẹjọ, ẹni tí a ti dá lẹ́ẹ̀mejì gbé ẹni tí a kò tíì dá rí ṣánlẹ̀. Bákan náà ni Ruiz tí ó dá Joshua: òun fúnra rẹ̀ ti pàdánù rí, ní 2016. Joshua sì ni ó kọ́kọ́ gbé e ṣubú lóru ọjọ́ náà, ní abala kẹta. Ọ̀kan nínú wọn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ìjákulẹ̀. Èkejì kò tíì kọ́ ọ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan lè sọ pé èmi náà ti fẹ́ sọ ìpàdánù di oyè. Rárá o. Ẹni tí gbogbo ènìyàn ń lù kì í ṣe akọni nítorí pé wọ́n ń lù ú. Òdo pàápàá lè jẹ́ ìtàn tí kò parí. Ike Ibeabuchi, ọmọ Nàìjíríà, lu David Tua ní 1997, ó sì lu Chris Byrd ní 1999. Ìjà 20 ni ó ti jà nígbà náà láìpàdánù, kí ọ̀ràn ilé ẹjọ́ àti ẹ̀wọ̀n ní Amẹ́ríkà tó dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Òdo tirẹ̀ kò lè sọ fún wa bóyá ẹni ńlá ni ìbá dà. Ó kàn sọ fún wa ibi tí ìtàn náà já sí ni.

Kí ni àwọn baba wa wí? Ilẹ̀ wa kì í ṣe àjèjì sí ìjàkadì. Ta ni ó lè ki ará Ọ̀fà láìmẹ́nu ba ìjàkadì? Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Ilé-Ogbó, tí a bá ń ja gídígbò nínú òṣùpá, ọmọ tí ó bá ń yan kéékèèké bá jà kì í gba ìyìn lọ́dọ̀ wa, bí kò tilẹ̀ ṣubú títí ilẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà sì ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe yìí kò sọ pé àgbà kì í ṣubú. Ohun tí ó fi ya àgbà sọ́tọ̀ ni pé ó máa ń wo ohun tí ó gbé e ṣubú. Ògèdèngbé Ìjẹ̀ṣà, ẹni tí ó darí ogun Èkìtìparapọ̀ ní Kírìjì, ọwọ́ àwọn ará Ìbàdàn ti tẹ̀ ẹ́ lójú ogun rí nígbà èwe. Bí ó bá jẹ́ òdo ni àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ń wá, wọn kì bá tí fi í ṣe olórí.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn mí kì í ṣe nítorí Joshua. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan lọ sí Èkó lọ kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ó ja ìjà mẹ́fà, ó borí nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí ó bá wálé ọdún Iléyá, èmi ni mo máa ń mú un kiri ojúlé, tí mo ń wí pé, "Èyí ni ọmọ wa tí ẹnikẹ́ni kò dá rí." N kò fìgbà kan bi í léèrè ẹni tí àwọn mẹ́fà náà jẹ́. Ní ìjà keje, ó pàdé ọkùnrin kan tí ó mọ iṣẹ́, àwọn adájọ́ sì fún ọkùnrin náà. Wọn kò tilẹ̀ gbé e ṣubú. Ọmọ náà padà wálé, kò sì wọ ìbọ̀wọ́ mọ́ títí di òní. Ọ̀kadà ni ó ń gùn. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní, "Bàbá, kí ni ẹ fẹ́ kí n máa wí fún yín nílé?" N kò rí èsì fọ̀. Ọkùnrin tí ó borí rẹ̀ kọ́ ni ó lé e kúrò nídìí iṣẹ́. Ìyìn tèmi ni, nítorí mo ti fi gbogbo rẹ̀ kọ́ sórí òdo, mi ò sì fi ohunkóhun sílẹ̀ fún ọmọ náà láti dúró lé nígbà tí òdo náà bá lọ. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni wọ́n ń fi èsì ìdánwò pamọ́ fún wa nítorí irú ìyìn bẹ́ẹ̀?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, Joshua bá Ruiz jà lẹ́ẹ̀kejì ní ilẹ̀ Saudi Arabia. Kò sáré wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó jìnnà sí i, ó ń gún un láti òkèèrè, ó sì borí lójú ìwé àwọn adájọ́. Àwọn kan ní ìjà náà kò dùn. Lójú tèmi, òun ni ìjà tí ó sọ púpọ̀ jù fún wa nípa rẹ̀ títí di ìgbà náà, nítorí ó ti wo ẹ̀yìn. Oleksandr Usyk dá a ní 2021 àti 2022, Daniel Dubois sì dá a ní 2024. Èyí náà wà lára ìwọ̀n rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé kò ní dé ibi tí Dick Tiger dé. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ tòótọ́ ni èyí, nítorí pé a mọ àwọn tí ó bá pàdé àti ohun tí ó ṣe lẹ́yìn tí ó ṣubú.

Mo ti rí èsì fún bàbá olùkọ́ wa. Télọ̀ náà kò purọ́ lánàá, kò sì purọ́ lóní. Òǹkà ni ó kà fún wa lẹ́ẹ̀mejèèjì. Èmi náà ti ka irú rẹ̀ sí etí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fún ọdún púpọ̀.