Crowther, Ogunléńdé àti Ìwé Ọmọdé

Ọmọ Ọ̀ṣoògùn ni Samuel Ajayi Crowther. Ogun kó o ní 1821. Ní 1822, àwọn ọmọ-ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn Pọtogí, wọ́n sì gbé e sọ̀ sí Freetown. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Temne, tí ó sì di olùkọ́ àwọn ọmọdé. Ó rọrùn láti sọ pé ìkọ́ni ni ó fún ogunléńdé yìí ní ilé. Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ó ku ìbéèrè kan: ilé ta ni?

Ìwé méjì ni ó dáhùn. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Lẹ́yìn èyí ni Crowther padà sí ilé: ó dé Àgbádárìgì ní 1845, ó dé Abẹ́òkúta ní 1846, níbi tí ó ti tún fojú kan ìyá rẹ̀. Ẹ̀dà tí ó tẹ̀ jáde ní 1852 gbòòrò ju ti ìṣáájú lọ, òwe sì kún inú rẹ̀. Etí tí ó tẹ́ sí àwọn onílé hàn nínú iṣẹ́ náà.

Ìwé kejì ni *Isoama-Ibo Primer*, ìwé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní èdè Ìgbò, 1857. Ìgboyà ńlá ni fún ọmọ Yorùbá láti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n Isuama, àdàlù èdè tí àwọn Ìgbò tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú ń sọ ní Freetown, ni ó fi kọ ọ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni J. C. Taylor, ọmọ irú àwọn Ìgbò bẹ́ẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Onitsha. Isuama kò bá ẹnu àwọn ọmọ ibẹ̀ mu. Nígbà tí ó yá, àwọn míṣọ́nnárì pa á tì. Bíbélì Ìgbò tí ó jáde ní 1913 kò sí ní Isuama. Ìwé náà ti fẹ́ kọ́ ọmọ kí ó tó gbọ́ ohùn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Alímọ̀ṣọ́ lónìí. Ilẹ̀ Àwórì ni Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndo, ṣùgbọ́n ọmọ Ìgbò, ọmọ Ègùn àti ọmọ Yorùbá oríṣiríṣi ni ó jọ ń jókòó nínú kíláàsì. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ wọn ní Yorùbá inú ìwé bí ẹni pé wọn kò gbé èdè kankan ti ilé wá, ọ̀nà Isuama ni ó ń tọ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.