Òkè Ni Ọ̀gá, Aago Ni Adájọ́

Nínú gbogbo ìdíje tí èèyàn lè fi kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe, èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ ni èyí tí wọ́n ti máa ń tú wa sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìdí òkè, tí aago á sì sọ ẹni tó mókè. Ìṣẹ́jú kan tàbí méjì ló máa ń wà láàárín ẹnì kan àti ẹni tó tẹ̀ lé e. Kò sí ẹ̀yìn ẹni tí wàá sá sí kí ó bá ọ gba atẹ́gùn sára. Kò sí ọgbọ́n pé kí o lúgọ sáàárín èrò, kí o wá yọ sí wọn nígbà tó bá ku igba mítà. Bí agbára rẹ ṣe tó, àti bí o ṣe mọ̀ ọ́n lò tó, ni aago máa kọ sílẹ̀.

Ẹ ó béèrè pé níbo ni ará Mainland ní Èkó ti rí òkè gùn. Ìbéèrè gidi ni. Ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ láti Mushin títí dé Yaba. Ohun tó ga jù tí kẹ̀kẹ́ máa gùn ní sàkáání Surulere ni afárá Ojúẹlẹ́gba, kí ẹsẹ̀ sì tó mọ̀ pé òun ń gòkè, o ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní apá kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Jíbówú. Àmọ́ ohun kan wà tí àwa ní tí ará ìlú olókè kò ní: atẹ́gùn òkun. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́ lọ́jọ́ Sunday, tí ọkọ̀ kò tíì pọ̀, àwa mélòó kan a máa kó ara wa jọ, ọkọ̀ kan á máa tanná tẹ̀ lé wa, a ó gun afárá Third Mainland láti Oworonṣókí, a ó kọjú sí Erékùṣù. Afárá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó kìlómítà 12. Atẹ́gùn tó ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn bọ̀ á dojú kọ wá, kò ní sinmi, kò sì ní jẹ́ kí a sinmi. Orí afárá yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń tẹ kẹ̀kẹ́ láìdáwọ́ dúró. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí òkè máa béèrè lọ́wọ́ ẹni náà nìyẹn.

Síbẹ̀, atẹ́gùn kì í ṣe òkè. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹni tó bá ń sá kìlómítà 36 ní wákàtí kan, ó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Bó bá sì fẹ́ sáré ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́jọ ni agbára tí afẹ́fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sáré ilẹ̀ títẹ́jú fi máa ń ba mọ́lẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, tí wọ́n ń dé akoto onímú ṣóńṣó, tí wọ́n ń wọ aṣọ tó lẹ̀ mọ́ ara pinpin. Ẹ wá gbé ẹni kan náà lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń ga sókè ní mítà 8 nínú ọgọ́rùn-ún mítà. Eré rẹ̀ á bọ́ sí bíi kìlómítà 12 ní wákàtí kan. Afẹ́fẹ́ ò ní rí nǹkan gidi gbà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ìwúwo òun àti ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló máa gba ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Àwọn ohun èlò olówó ńlá tó ń tan afẹ́fẹ́ jẹ á wá di ẹrù lásán.

Àwọn ọ̀gá eré yìí pàápàá kì í fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí ààlà wà láàárín agbára afẹ́fẹ́ àti ti ìwúwo. Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 2025, nínú Tour de France, wọ́n gbé ìdíje òkè aláago lọ sí Peyragudes ní ilẹ̀ Faransé, kìlómítà 10.9. Jonas Vingegaard gun kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún sísáré pẹ̀lú aago. Tadej Pogačar fi irú èyí sílẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́ títì lásán tó fúyẹ́. Ìṣẹ́jú 23 ló fi gùn ún, ó sì fi ìṣẹ́jú àáyá 36 yára ju Vingegaard lọ. N kò sọ pé kẹ̀kẹ́ ló ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, nítorí ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn kì í ṣe ẹsẹ̀ àwa èèyàn. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ó ti ka òkè náà kó tó débẹ̀.

Kíka òkè, ìdí jíà ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó ń wọlé sí Èkó ni wọ́n ṣe fún ẹlẹ́sẹ̀ líle tó ń sáré ilẹ̀ títẹ́jú. Ká ní eyín 39 ló wà níwájú, tí 25 wà lẹ́yìn. Lórí òkè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, níbi tí eré ti jẹ́ kìlómítà 12 ní wákàtí kan, ẹsẹ̀ ò ní yí ju bí 60 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan lọ. Ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan á máa fa orúnkún ya. Bí o bá fi eyín 34 síwájú, tí o fi 32 sẹ́yìn, ẹsẹ̀ á máa yí ní nǹkan bí 90 ìgbà lórí eré kan náà. Iṣẹ́ tí iṣan itan ì bá dá ṣe, èémí á bá a pín in. Mẹ̀káníìkì kan wà ní Mushin tó máa ń bá mi ṣe irú àtúnṣe báyìí, àgbàlagbà ni. Lọ́jọ́ tí mo ní kó bá mi tú ibi ìdìẹrù kúrò lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, kó tú ìbomọ́táyà àti irin ìdádúró náà, ó wò mí títí. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, kí lo wá fẹ́ máa fi gbẹ́rù?” Mo ní, “Bàbá, èmi gan-an lẹrù.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé sípánà. Bí ènìyàn àti kẹ̀kẹ́ bá jẹ́ ọgọ́rin kílò, kílò kan tí o bá dín kù lè fún ọ ní ìdajì ìṣẹ́jú lórí òkè tó ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Bàbá kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi lórí àwọn irin tó tú yẹn. Òun ló kó wọn lọ.

Inú eré náà gan-an ni iṣẹ́ ọnà wà. Ìdí òkè ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù. Ara ti móoru, ọkàn ń lù kìkì, ẹni tó ń ka aago ti ń sọ pé márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta. Ẹsẹ̀ á fúyẹ́ bí ìyẹ́, òkè á sì dà bí ohun tí a lè fi agídí borí. Irọ́ ni. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀bọ́ ní ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ dà bí òṣìṣẹ́ tó ná owó oṣù rẹ̀ tán ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní: gbèsè ló máa fi jẹun títí oṣù á fi parí, èlé rẹ̀ ò sì ní í kéré. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹni tó bá jẹ irú gbèsè yìí lè dẹ ẹsẹ̀, kí táyà máa yí lọ fúnra rẹ̀. Lórí òkè, bí o bá dẹ ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, kẹ̀kẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọn tó pa òwe yẹn kò rí kẹ̀kẹ́ eléjíà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ òkè dáadáa.

Mo máa ń pín òkè sí mẹ́ta. Ìdá kìn-ín-ní, mo gbọ́dọ̀ lè fọhùn, kódà kó jẹ́ gbólóhùn kúkúrú. Ìdá kejì, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu, èémí nìkan ló kù, mo sì ń ṣọ́ ọ pé kó máa wọlé bó ṣe ń jáde. Ìdá kẹta ni mo máa ń da ohun tó kù lápò jáde. Kọ́nà náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Inú kọ́nà kúrú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ga jù. Ẹ̀gbẹ́ òde gùn díẹ̀, ó sì rọ̀. Bí mo bá ṣì ní agbára, mo lè dìde dúró gba inú. Bí ó bá ti ń rẹ̀ mí, mo máa ń gba òde, ní ìjókòó, kí ẹsẹ̀ má bàa já lójijì. Ojú mi kì í kúrò ní mítà mélòó kan níwájú táyà. Ẹni tó bá ń wo orí òkè ní gbogbo ìgbà, ojú rẹ̀ á ti rẹ̀ ẹ́ kí ẹsẹ̀ tó rẹ̀ ẹ́.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń di kẹ̀kẹ́ sórí bọ́ọ̀sì láti Yaba, ó di apá Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní Èkìtì, níbi tí títì ti ń yí òkè po. Gbogbo ètò wa kò ju aago méjì tó bára mu lọ, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, ọ̀kan lókè, àti ìwé tí a ń kọ orúkọ sí. Àwọn ará abúlé á dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á máa kí wa kú iṣẹ́, àwọn ọmọdé á sì máa sáré tẹ̀ lé wa lẹ́sẹ̀ lásán. Àwọn kan nínú wọn a sì máa yára jù wá lọ.

Ohun tó dùn jù nínú eré yìí ni pé kò sẹ́ni tí kò lè lé ẹlòmíràn bá, kò sì sẹ́ni tí wọn ò lè lé bá. Ní Peyragudes, Vingegaard lé Remco Evenepoel bá, ẹni tó ti fi ìṣẹ́jú méjì ṣáájú rẹ̀ gbéra. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án, nígbà ìdíje àgbáyé tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ilẹ̀ Áfíríkà, lórí àwọn òkè Kigali ní Rwanda, Evenepoel yìí kan náà ló lé Pogačar bá, tó kọjá lára rẹ̀, tó sì gba góòlù. Pogačar ṣe ipò kẹrin. Ìlú tó ga ju ilẹ̀ òkun lọ ní nǹkan bí 1,500 mítà ni Kigali, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Áfíríkà sì ti fojú ara wọn rí i pé eré yìí lè wá bá wọn nílé.

Àwa náà ní òkè. Títì tó gun òkè Obudu ní Ìpínlẹ̀ Cross River gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 11, ó ní kọ́nà 22, ó sì ga sókè ju 800 mítà lọ. Ẹ fi í wé Peyragudes. Láti ọdún 2005 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ayé wá fẹsẹ̀ sáré gùn ún, tí àwọn ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà sì ń kó ẹ̀bùn lọ. Títì tó yẹ ẹsẹ̀ yẹ táyà.

Nígbà Olímpíìkì Paris ní ọdún 2024, Ese Ukpeseraye ṣojú Nàìjíríà nínú eré kẹ̀kẹ́, ọwọ́ ẹgbẹ́ Jámánì ló sì ti yá kẹ̀kẹ́ tó fi sáré nínú pápá. Ìgboyà rẹ̀ wú mi lórí, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí. Pápá tí wọ́n ń sá irú eré yẹn nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí àdúgbò lè dá owó kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọmọ Mushin lè rí rà. Òkè kò béèrè tó bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tí jíà rẹ̀ bá òkè mu, bírékì tó ń mú fún ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, akoto tó dára, aago méjì: ìjọba ìbílẹ̀ kan tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ní Èkìtì lè ṣe é lọ́dọọdún láìyáwó. Bí wọ́n bá sì ṣe é, kí wọ́n jẹ́ ká gbọ́ ní Mainland. A ti ń fi atẹ́gùn Third Mainland gbára dì.