Àlàyé Tó Yí Lúùkù Ká

Àwọn onímọ̀ Bíbélì kan ṣì ń pe Codex Zacynthius ní àjákù Ìhìnrere Lúùkù. Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, wọ́n á mú ẹsẹ mélòó kan tó yàtọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á sì kọjá lọ. Ó tó gẹ́ẹ́. Lóòótọ́, Lúùkù orí kìn-ín-ní dé ìkọkànlá wà nínú ìwé àfọwọ́kọ èdè Gíríìkì yìí, pẹ̀lú àlàfo láàárín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ojú ewé rẹ̀ á rí i pé díẹ̀ ni ti Lúùkù níbẹ̀. Lẹ́tà tó tóbi ni wọ́n fi kọ ìhìnrere. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi to àlàyé àwọn baba ìjọ yí i ká: Cyril ará Alẹkisáńdríà, Origen, Titus ará Bostra àti àwọn mìíràn. Nínú gbogbo ìwé Májẹ̀mú Tuntun alálàyé báyìí tó ṣẹ́kù, kò sí èyí tó pẹ́ tó o.

Erékùṣù Zakynthos ni Ọ̀gágun Colin Macaulay ti rí i gbà lẹ́bùn ní 1820. Ọdún kejì ló fún Ẹgbẹ́ Bíbélì ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ kan náà tó wá tẹ Bíbélì Yorùbá ti Àjàyí Crowther. Ní 2014, Yunifásítì Cambridge rà á ní £1.1 mílíọ̀nù.

Kíkà rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹtàlá, ẹnìkan fọ tàdáwà kúrò lára awọ náà, ó ṣẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan po sí méjì, ó sì kọ ẹ̀kọ́ kíkà ti ilé ìjọsìn lé e lórí. Ẹni tó bá fẹ́ rí ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìwé náà dá ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Onímọ̀ Bíbélì Samuel Tregelles tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1861. Kò yẹ ká fojú kéré rẹ̀, nítorí ojú lásán ló fi kà á. Ṣùgbọ́n Lúùkù nìkan ló tẹ̀, ó fi àlàyé sílẹ̀, àwọn tó tẹ̀ lé e sì sọ ìfisílẹ̀ yẹn di àṣà. J. Harold Greenlee, tó kọ nípa àlàyé náà ní 1959, fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù nínú àlàyé náà ni ti Severus, pátíríákì Áńtíókù. Severus kò gba ìpinnu Ìgbìmọ̀ ìjọ tó ṣe ní Chalcedon ní 451. Ní 518 wọ́n lé e kúrò lórí ìtẹ́, ó sì sá lọ sí Íjíbítì. Ní 536, Ọba Justinian ṣòfin pé kí wọ́n sun ìwé rẹ̀, kí wọ́n sì gé ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó bá dà á kọ. Gé ọwọ́! Síbẹ̀, nínú Codex Zacynthius, akọ̀wé kan da àyọkà rẹ̀ kọ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gbangba.

Àwọn kan ti fẹ́ fi èyí pinnu ọjọ́ orí ìwé náà. Ìrísí lẹ́tà ni William Hatch tẹ̀ lé ní tirẹ̀ tó fi gbé e sí ọ̀rúndún kẹfà. Tregelles ti sọ pé ìkẹjọ ni. David Parker àti Neville Birdsall dábàá nǹkan bí ọdún 700 ní 2004, àbá tiwọn ló sì tẹ̀wọ̀n jù. Ṣùgbọ́n orúkọ Severus nìkan kò lè dá ẹjọ́ yìí. Àwọn tó gba ìpinnu Chalcedon fúnra wọn ń da àyọkà rẹ̀ kọ sínú ìwé alálàyé mìíràn. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni bóyá àyọkà náà ṣí ẹsẹ Bíbélì fún òǹkàwé.

Ẹni tó to Codex Zacynthius kò tilẹ̀ fi èrò rẹ̀ pa mọ́. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ó kìlọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn aládàámọ̀ wà nínú ohun tí òun kó jọ, ó sì fi Cyril ṣe ẹlẹ́rìí pé kì í ṣe gbogbo ohun tí aládàámọ̀ bá sọ ni ká dà nù. Lámèyítọ́ ni ẹni yìí! Ó ka tọ̀tún tòsì, ó ṣa èyí tó wúlò, ó sì forúkọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ sí i.

Ní 2018 wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ oríṣiríṣi ya àwòrán ewé náà kí lẹ́tà tí wọ́n fọ̀ lè hàn. Ní 2020 Hugh Houghton, Panagiotis Manafis àti Amy Myshrall tẹ àlàyé náà jáde lódindi, pẹ̀lú ìtumọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí àwáwí mọ́ fún ẹni tó bá tún fi lẹ́tà Ξ, àmì ìdámọ̀ ìwé àfọwọ́kọ yìí, sábẹ́ ẹsẹ Lúùkù láìdárúkọ ìyókù ewé náà.