Ilé Káńsù Kì í Dá Hù

Nínú Cities: Skylines, géèmù tí a fi ń kọ́ ìlú lórí kọ̀ǹpútà, ilé a máa hù bí olú. O ó la títì, o ó fi àwọ̀ ewé kun ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò ní pẹ́ tí wàá fi rí ilé gbígbé níbẹ̀. Irú ilé tí èmi ń kọ́ fún géèmù náà, ìyẹn ilé gbígbé tí káńsù kọ́ fún aráàlú ní Lọ́ńdọ̀nù, kì í dá hù. Àpótí onímítà 8 ni wọ́n pín ilẹ̀ ibẹ̀ sí, ilé tó bá máa fúnra rẹ̀ hù kò sì gbọdọ̀ ju àpótí 4 lọ níbùú àti lóròó. Ilé káńsù Lọ́ńdọ̀nù ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹni tó ń gbá géèmù ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e kalẹ̀, bí káńsù gan-an ti ṣe láyé ọjọ́un. Ìyẹn dùn mọ́ mi.

Robin Hood Gardens ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Poplar, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ni ó wà tẹ́lẹ̀. Tọkọtaya ayàwòrán-ilé, Alison àti Peter Smithson, ló yà á, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1972. Ilé gbọọrọ méjì ni, ọ̀kan alájà 10, èkejì alájà 7, ojúlé 213 lápapọ̀. Òkìtì ńlá kan wà láàárín wọn, tí wọ́n fi àfọ́kù iṣẹ́ ìkọ́lé mọ, tí koríko sì bò. Nígbà àkọ́kọ́, mo fi òkìtì náà sílẹ̀, mo rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ńṣe ni ilé méjèèjì dà bí tírélà tí wọ́n páàkì. Bí mo ṣe gbé ilẹ̀ àárín sókè báyìí, ilé náà rí nǹkan wò.

Ohun tó fà mí mọ́ ilé yìí ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ní àjà mẹ́ta-mẹ́ta ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ fífẹ̀ kan wà, tó gba iwájú ojúlé gbogbo kọjá. Òpópónà òkè ni àwọn Smithson fẹ́ kó jẹ́. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n ń wá ni ibi téèyàn á gbé àpótí sí lẹ́nu ọ̀nà, tí aládùúgbò á máa kí i kọjá. Wọ́n kọjú ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí apá títì tó ń pariwo, wọ́n wá fi yàrá ìsùn sápá koríko.

Iṣẹ́ tó ń gba òru mi ni àwọn igi kọnkéré tó dúró ṣánṣán lójú ilé náà. Tí mo bá gbẹ́ gbogbo wọn tán, kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn á máa mí hẹlẹ. Nítorí náà, mo gbẹ́ èyí tí òjìji rẹ̀ hàn, mo sì ya ìyókù sójú ògiri. Mo tún ní láti ṣe ìkejì ilé náà tó rù hangogo, èyí tí géèmù máa fi hàn nígbà tí a bá ń wo ìlú láti òkè réré.

Kíkùn ló dùn jù. Kọnkéré tó mọ́ kì í ṣe ti Poplar: òjò gbọ́dọ̀ ti ṣàn sábẹ́ fèrèsé, kó fi ìlà dúdú sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń bi mí pé kí ló dé tí n kò ya ààfin ọba dípò ilé tí gbogbo èèyàn ń bú. Ẹ̀yin ni ẹ bú u, èmi ń ka fèrèsé rẹ̀.

Ní 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó Robin Hood Gardens gan-an. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé V&A gba ìdá kan lára rẹ̀ tó ga tó àjà mẹ́ta, apá kan rẹ̀ sì wà ní V&A East Storehouse ní Stratford, tó ṣí ní 2025. Mo lọ wò ó. Mo dúró síwájú rẹ̀ títí, mo gbé fóònù mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo wo àwọ̀ kọnkéré tèmi. Ó ti dúdú jù. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tún gbogbo rẹ̀ kùn.