Ẹ Má Tún Ilà Kọ fún Ọkọ̀ Òfurufú Yẹn

Ní Atakpamé, lórí kọ́bọ́ọ̀dù yàrá àlejò ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọkọ̀ òfurufú oníke kan wà tí kò gùn ju apá ọmọdé lọ. DC-10 ni. Funfun ni wọ́n kùn ún, ilà àwọ̀ ewé gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn, orí ẹranko oníwo kan tó jọ egbin sì wà ní ìrù rẹ̀: àmì Air Afrique. Ẹni tó tò ó ti di olóògbé, eruku ọyẹ́ sì ti bò ó. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ilé kan ní òun fẹ́ ra ọ̀dà láti tún un kùn, kó lè dán. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun dúró ná.

Orí egbin yẹn kì í ṣe ọ̀dà. Àmì àlẹ̀mọ́ ni, èyí tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní décalcomanie. Orí fáníìṣì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, lórí bébà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pa. Ẹni tó ń to ọkọ̀ á rẹ bébà náà sómi díẹ̀, gọ́ọ̀mù á yòrò, á wá fi ìka rọra ti àwòrán náà bọ́ sára ọkọ̀. Fífẹ́lẹ́ tó mú kó dà bí ọ̀dà náà ló ń pa á. Fáníìṣì á pọ́n rúsúrúsú, á gbẹ, á sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, etí rẹ̀ á máa ká sókè. Bó bá jẹ́ orí ọ̀dà tí kò dán ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí, afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ rẹ̀, á máa tàn bíi fàdákà. Ike ní tirẹ̀ lè dúró pẹ́, pàápàá irú èyí tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ àtòpọ̀ Airfix fi ṣe Spitfire rẹ̀ ní 1953. Ti Frog, ilé-iṣẹ́ irú rẹ̀ mìíràn, tó ti wà láti 1936 ló máa ń lọ́. Bí apá bá kán, a lè lẹ̀ ẹ́. Bí àmì bá bọ́, ó bọ́ nìyẹn.

Lẹ́bàá ìrù, lẹ́tà wínníwínní méjì wà: TU. Ti Côte d'Ivoire ni TU. 5V ni ti Tógò. Ilé-iṣẹ́ àjùmọ̀ní tí orílẹ̀-èdè 11 dá sílẹ̀ ní 1961 ni Air Afrique, Abidjan ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Tógò dara pọ̀ mọ́ wọn nígbà tó yá. Air Afrique kógbá sílé ní 2002. Ọmọ ilé wa ní 5V lòun máa kọ, torí pé Tógò nilé wa. Ìfẹ́ ìlú ló sún un sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìgbà téèyàn bá pa àbàjà ojú baba ẹni rẹ́ láti kọ pélé síbẹ̀ ni.

Kò ṣàìní àwíjàre o. Àwọn agbẹ́gilére Gẹ̀lẹ̀dé ti gbẹ́ ọkọ̀ òfurufú sórí igi tipẹ́. Bí ọdún bá sì ti súnmọ́, wọ́n á tún igi náà kùn kó lè yọ láàárín agbo. Kò sẹ́ni tó ń sunkún àwọ̀ àtijọ́. UNESCO pàápàá, nígbà tó kéde Gẹ̀lẹ̀dé ti Benin, Nàìjíríà àti Tógò ní 2001, àjogúnbá àfẹnusọ ló pè é. Ṣùgbọ́n Gẹ̀lẹ̀dé ní onílù, ó ní ẹ̀fẹ̀, ó ní ẹni tó gbé e rù. Bí àwọ̀ bá yí, àwọn wọ̀nyí á sọ ẹni tó jẹ́. Ta ni yóò bá ọkọ̀ orí kọ́bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀? Lẹ́tà ara rẹ̀ nìkan ni ẹnu rẹ̀.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí jù wá lọ náà ti ṣì í ṣe. Ní 1974, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington gba àwòṣe ọkọ̀ Enterprise tí wọ́n fi ṣe eré tẹlifíṣọ̀n Star Trek. Ó gùn ju mítà mẹ́ta lọ. Nígbà tí wọ́n tún un kùn ní 1991, ilà tí wọ́n fà sí i lára le ju ti àtètèkọ́ṣe lọ, àwọn olólùfẹ́ eré náà sì fárígá. Òkè apá iwájú rẹ̀ tó rí bí àwo nìkan ni wọ́n fi ọ̀dà àkọ́kọ́ sílẹ̀ sí. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ní 2014, tí wọ́n fẹ́ dá a padà sí bó ṣe rí ní 1967, ibi tí wọn ò fọwọ́ kàn yẹn wá di ẹlẹ́rìí wọn.

Ìdájọ́ mi nìyí: àmì tó pọ́n tó sì sán sàn ju èyí tó ń dán lọ. Àwọn kan máa ń lẹ àmì tó pọ́n mọ́ gíláàsì fèrèsé kí oòrùn lè fọ̀ ọ́ funfun. Ìyẹn dára fún èyí tó ṣì wà lórí bébà, ṣùgbọ́n ẹ má gbé odindi ọkọ̀ sóòrùn Atakpamé, ike á pọ́n, á sì lè lọ́. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi gbọn eruku, láti àárín àmì lọ sí etí, kó má baà há. Ẹ má fi ọtí nù ún. Ibi tó bá ti ká sókè, ẹ rọra kán fáníìṣì tí kò lágbára sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

U inú TU yẹn ti là sí méjì báyìí. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó gbé omi wá.